Ẹ Dé Ibẹ̀ Kí Èrò Tó Dé

Arákùnrin wa, ẹ ní ẹ fẹ́ lo alẹ́ mẹ́rin nílùú tí ẹ ò dé rí, ẹ sì fẹ́ mọ bí ẹ ṣe lè rìn yí ká àwọn ilé ọtí, láọ́ńjì àti kíláàbù ibẹ̀. Àwọn kan ti gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kọ orúkọ ibi mẹ́wàá sílẹ̀, kí ẹ máa mú wọn níkọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò. Iṣẹ́ mi máa ń gbé mi láti ìlú dé ìlú, mo sì ti rìn irú ìrìn bẹ́ẹ̀ títí ó fi sú mi. Ohun tí mo rántí nínú àwọn alẹ́ wọ̀nyẹn ò ju títò sẹ́nu ọ̀nà, inú ọkọ̀, àti orí fífọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì lọ. Ibi méjì lálẹ́ kan ti tó. Aago tí ẹ máa débẹ̀ tiẹ̀ ṣe pàtàkì ju iye ibi tí ẹ máa dé lọ: ẹ dé kí èrò tó dé.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ilé ọtí tí kò tíì kún kì í dùn. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n wákàtí àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ni agbọ́tí ráyè èèyàn. Ó ń nu ife, ó ń ge ọsàn wẹ́wẹ́, ó ń da yìnyín sínú garawa rẹ̀. Ẹ jókòó síwájú rẹ̀ gan-an, ẹ má lọ jókòó sí kọ̀rọ̀. Ẹ bi í pé, “Níbo lẹ̀yin fúnra yín máa ń lọ tí iṣẹ́ bá parí?” Èsì tó máa fún yín kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Agbọ́tí ló júwe ibi orin tó dùn jù tí mo tíì dé láyé mi fún mi: yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò ní pátákó níta, àga inú rẹ̀ kò tó ogún, bàbá arúgbó kan sì jókòó sígun tó ń fọn sasofóònù bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ilé fún ọmọ rẹ̀. Ká ní aago mọ́kànlá ni mo dé iwájú agbọ́tí yẹn ni, kò ní gbọ́ ohùn mi, ká má tíì sọ pé á júwe ibì kankan.

Láọ́ńjì ni mo ti fi owó kọ́gbọ́n. Àga tìmùtìmù, iná tó rọ̀, orin tí kò borí ọ̀rọ̀: ibi tí èèyàn ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àmọ́ púpọ̀ nínú wọn, tábìlì ni wọ́n ń tà, kì í ṣe ife ọtí. Bí ẹ bá ti fìdí lé àga, ó lè jẹ́ pé iye kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ná kí ẹ tó dìde, wọ́n á sì tún gbé owó ìṣèránṣẹ́ lé e. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tí a kò mọ̀ rí pàdé èmi àti ọ̀rẹ́ mi ní títì, ó yá mọ́ wa, ó mú wa lọ síbi kan. Igo kan dé tí a kò béèrè fún. A rò pé wọ́n fi ṣe wá lálejò ni. Nígbà tí ìwé owó dé, iye orí rẹ̀ ju owó tí a fi sùn nílé ìtura lọ́sẹ̀ náà lọ. A bá wọn jiyàn. Géńdé méjì wá dúró sẹ́yìn àga wa, wọn ò sọ nǹkan kan, a sì sanwó.

Ẹni jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Láti ọjọ́ náà, mi ò jókòó láìtíì béèrè bóyá tábìlì náà ní iye tí mo gbọ́dọ̀ ná, mo sì máa ń fojú ara mi rí iye owó ọtí ní kíkọ sílẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń yí ọ̀rọ̀ yẹn po, mo ti dìde. Mò ń san owó ife kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń dé, mi ò sì fi káàdì báńkì mi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó rọrùn láti bi wọ́n ní gbogbo èyí nígbà tí ibẹ̀ ṣófo. Tí èrò bá ti kún, ojú á máa tì yín.

Kíláàbù ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ jù. Alẹ́ ọjọ́ kan, mo wà nínú kíláàbù kan tó wà lábẹ́ ilẹ̀, tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde látibi àwọn wáyà tó wà lẹ́yìn DJ. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo èèyàn kọrí síbi àtẹ̀gùn tí wọ́n gbà wọlé. Èmi ti dé níbẹ̀rẹ̀ alẹ́, nígbà tí mò ń wá ilé ìtọ̀ ni mo sì rí ilẹ̀kùn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Mo di ọ̀rẹ́ mi lápá mú, mo kígbe, bí èèyàn mẹ́wàá sì tẹ̀ lé wa jáde síta. Wọ́n pa iná náà kó tó ràn, kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan ṣẹ́ lápá lórí àtẹ̀gùn yẹn torí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mi ò lè gbàgbé ohùn rẹ̀.

Ìgbà tí mo délé ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa iná tó ti jó àwọn kíláàbù rí. Ní kíláàbù Cocoanut Grove ní Boston, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1942, èèyàn 492 ló kú. Ilẹ̀kùn tó ń yí bírí ni ẹnu ọ̀nà ńlá, èrò há sínú rẹ̀, kò yí mọ́. Wọ́n sì ti ti àwọn ilẹ̀kùn mìíràn pa. Ní kíláàbù The Station, ní Rhode Island, ní Amẹ́ríkà kan náà, lọ́dún 2003, èèyàn 100 ló ṣòfò. Ní kíláàbù Kiss, ní Santa Maria ní Brazil, lọ́dún 2013, èèyàn 242 ni. Ìtàn méjì tó kẹ́yìn yìí jọra: iná ìdárayá tí wọ́n tàn lórí pèpéle ló ràn mọ́ fóòmù tí wọ́n fi bo ara ilé. Ní Rhode Island, púpọ̀ nínú èrò ló yíjú síbi ilẹ̀kùn iwájú tí wọ́n gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn mìíràn wà.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ rìn yí ibẹ̀ ká. Ẹ wá ọ̀nà àbájáde kejì, kí ẹ sì rí i pé ó ṣeé ṣí. Bí mo bá rí ṣéènì lára rẹ̀, mo ń lọ síbòmíràn nìyẹn, kódà bí mo ti san owó ìwọlé.

Ọ̀rọ̀ etí kò gùn. Lọ́dún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde pé kí ariwo irú ibi báyìí má ṣe ju ìwọ̀n désíbẹ̀lì 100 lọ tí a bá pín in dọ́gba láàárín ìṣẹ́jú 15. Etí òsì mi ti ń hó láti ọdún mẹ́fà, torí mo fi gbogbo òru kan jó níwájú ẹ̀rọ ńlá tí ń gbé ohùn jáde. Ohun kékeré tí wọ́n fi ń dí etí ò wọ́n. Ẹ fi sápò.

Ní ti ọtí, ẹ mọ ohun tó wà nínú ife. Bíà 330 mìlílítà tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5% ní nǹkan bíi gíráàmù 13 ògidì ọtí nínú. Wáìnì mìlílítà 150 tí tiẹ̀ jẹ́ 12% kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọtí líle mìlílítà 45 tó jẹ́ 40%. Ẹ̀dọ̀ máa ń lo bíi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọfí kò lè mú un yára, omi tútù kò lè mú un yára. Àwọn ọtí àdàlù ló máa ń tan èèyàn jù. Long Island Iced Tea dà bíi tíì lójú, kò sì sí tíì kankan nínú rẹ̀: oríṣi ọtí líle mẹ́rin tàbí márùn-ún ni. Ẹ jẹun kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì máa fi omi là á.

Ẹ má fi ife sílẹ̀. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ lọ jó, ẹ gbàgbé ẹ̀, ẹ ra òmíràn. Tí ẹni tó bá yín jáde bá mu ife kan ṣoṣo, tó wá ń ṣe bí ẹni mu mẹ́fà, ẹ má ṣe jẹ́ kí “ọ̀rẹ́” tuntun kankan bá yín gbé e lọ. Ilé ìwòsàn tààrà, kí ẹ sì ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ kíá, nítorí oògùn tí wọ́n ń pè ní GHB, tí àwọn kan máa ń dà sínú ife ẹlòmíràn, kì í pẹ́ nínú ìtọ̀ ju nǹkan bíi wákàtí 12 lọ. Mo ti gbé ọmọ àbúrò mi lọ rí, ilẹ̀ ti mọ́ kí a tó débẹ̀, wọn ò sì rí nǹkan kan mú.

Alẹ́ mẹ́rin yín, bí ó bá jẹ́ tèmi, alẹ́ àkọ́kọ́ ilé ọtí ni, kí ẹ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu agbọ́tí. Ìkejì láọ́ńjì. Ẹ fi kíláàbù sí Jímọ̀ọ̀ tàbí Sátidé, torí láàárín ọ̀sẹ̀ ó lè jẹ́ ẹ̀yin àti DJ nìkan. Alẹ́ kẹrin, ẹ má lọ síbi tuntun rárá. Ẹ padà síbi tí ọkàn yín fà sí jù nínú mẹ́ta yẹn, níbẹ̀rẹ̀ alẹ́. Nílé sasofóònù ọjọ́sí, alẹ́ àkọ́kọ́ mo kàn jókòó gbọ́ ni. Ìgbà tí mo padà lọ, kò tíì sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà, bàbá yẹn gbé sasofóònù rẹ̀ sórí itan, ó ní, “Ẹ ti padà dé. Kí ni kí n fọn fún yín?”