“Ẹ Má Fọwọ́ Kan Ẹni Òróró Mi”: Ta Ni Ọlọ́run Ń Bá Wí?

Arábìnrin mi, ẹ kú ìfaradà. Ẹ ní ọkọ yín kò fẹ́ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ àṣìṣe olórí òṣèlú tó fẹ́ràn mọ́ nínú ilé. Bí ẹ bá ti lanu, “Ẹ má fọwọ́ kan ẹni òróró mi” ló fi ń pa yín lẹ́nu mọ́, àwọn àgbà ìjọ yín náà sì ń gbè é lẹ́yìn. Ẹ wá ń bi ara yín bóyá ọkàn yín ti ń ṣọ̀tẹ̀ sí Ọlọ́run. Rárá o. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi darí ẹgbẹ́ àdúrà nínú ìjọ tí irú nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀, mo sì pàdánù ọ̀rẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí Orin Dáfídì 105. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 15 tí gbogbo wa mọ̀ lórí, ẹsẹ 12 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí Olúwa pè ní ẹni òróró níbẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa nínú ìgbàgbọ́, Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù, nígbà tí wọn kò pọ̀ rárá, tí wọ́n ń ṣe àtìpó láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Ẹsẹ 14 sọ ọ́ gbangba pé Ọlọ́run bá àwọn ọba wí nítorí wọn. Àwọn ọba ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí! Fáráò gbà á, Ábímélékì náà gbà á, nígbà tí wọ́n mú ìyàwó Ábúráhámù lọ sí ààfin. Ọ̀rọ̀ tí Olúwa fi ṣe odi yí àlejò tí kò ní alágbàwí ká ni àwa wá ń fi ṣe odi yí alágbára ká, kí ẹni tí ó ń jìyà lọ́wọ́ rẹ̀ má bàa lè sọ̀rọ̀. Inú mi kì í dùn tí mo bá ń gbọ́ ẹsẹ yìí lẹ́nu àwọn tó yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Wọ́n á bi yín pé, Dáfídì ńkọ́, tí kò pa Sọ́ọ̀lù? Òótọ́ ni, kò pa á. Ṣùgbọ́n ẹ ka Sámúẹ́lì Kìíní orí 24 dé òpin. Dáfídì jáde kúrò nínú ihò àpáta ní Ẹ́ńgédì, ó ké sí ọba tó kó 3,000 ọmọ ogun wá lépa rẹ̀, ó fi etí aṣọ tó gé hàn án, ó ní kí Olúwa ṣe ìdájọ́ láàárín àwọn méjèèjì. Ó tẹrí ba, ó pè é ní baba, ó sì sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un lójú gbogbo èèyàn. Ọwọ́ ni Dáfídì kó ró, kò kó ẹnu ró.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, inú àdúrà gan-an ni nǹkan yìí gbà wọlé, ìdí nìyẹn tí kò fi tètè hàn sí wa. Pọ́ọ̀lù ní ká máa gbàdúrà fún àwọn ọba àti gbogbo àwọn tó wà ní ipò àṣẹ, àwa náà sì ń ṣe é. Olórí òṣèlú kan wà tí ìjọ wa fẹ́ràn. Lákọ̀ọ́kọ́, ọgbọ́n là ń tọrọ fún ọkùnrin náà, àti ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Nígbà tó ṣe, ìṣẹ́gun lórí àwọn ọ̀tá rẹ̀ nìkan ló kù. Ẹnì kan lá àlá nípa rẹ̀, wọ́n ka àlá náà níwájú pẹpẹ bí ẹni ń ka Ìwé Mímọ́. Láti ìgbà yẹn, ìròyìn yòówù tó bá tú ẹ̀gbin rẹ̀ síta, irọ́ àwọn ọ̀tá ni. Mo sì ń kíyè sí ohun kan nínú ìwàásù: wòlíì Àmósì kò tún wáyé mọ́. Nátánì tó na ìka sí Dáfídì kò wáyé mọ́. Míkáyà, ẹnì kan ṣoṣo tó dá yàtọ̀ sí 400 wòlíì tó ń wí ohun tí Áhábù fẹ́ gbọ́, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Olúkúlùkù kàn ń fo ibi tó lè gún ọkùnrin náà lára ni.

Níbi ìsọ́ òru kan, ọ̀dọ́kùnrin kan dìde. Ìjọba ọkùnrin yìí ti mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí àtìmọ́lé láìgbé e dé ilé ẹjọ́, ó ní ká bá òun gbàdúrà. Ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní kó jókòó. Ọwọ́ mi ni gbohùngbohùn wà, mo sì gbàdúrà náà: mo ní kí Olúwa tú ẹni tí wọ́n dè láìṣẹ̀ sílẹ̀, kó sì bá ẹni tó dè é wí. Àmín tó tẹ̀ lé e kò pọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ní kí n lọ sinmi kúrò nínú dídarí àdúrà. Ohun tó ń dùn mí di òní ni ọmọ yẹn, nítorí ilé Ọlọ́run ni ibi tó yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ bá a sunkún.

Wọ́n ti rí irú rẹ̀ rí, èyí tó burú jù tiwa lọ. Nígbà tí Hitler di olórí ìjọba Jámánì ní January 1933, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un. Ẹgbẹ́ kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Kristẹni Jámánì so àgbélébùú pọ̀ mọ́ àmì ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler. Kí ọdún yẹn tó parí, ní ìpàdé ńlá tí wọ́n ṣe ní Berlin ní November, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn sọ pé kí ìjọ kó Májẹ̀mú Láéláé dànù. Nígbà tó di May 1934, àwọn onígbàgbọ́ tó kọ̀ láti bá wọn lọ kóra jọ ní Barmen, ní Jámánì, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé Jésù Kristi nìkan ni Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí a gbọ́dọ̀ gbọ́, tí a gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé, tí a gbọ́dọ̀ ṣègbọràn sí ní ìyè àti ní ikú. N kò sọ pé Hitler ni ẹni tí ọkọ yín fẹ́ràn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ohun tí mò ń wí ni pé níbi tí èèyàn bá ti di òrìṣà, a ó bá àlàfo nínú Bíbélì àwọn tó ń bọ ọ́.

Ní ti ọkọ yín, ẹ má bá a jiyàn lórí ìròyìn. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àgbà ìjọ kan tí mo bọ̀wọ̀ fún, ariwo nìkan ló bí. Ọjọ́ tí mo bi í pé, “Bàbá, bí ọkùnrin yìí bá fìdí rẹmi, kí lẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín?” ni ọ̀rọ̀ tó jáde. Ẹ̀rù ń bà á pé àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní lómìnira láti sin Ọlọ́run. Ẹ̀rù ló wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú ìjọsìn yìí. Ìdí tí Ísírẹ́lì fi tọrọ ọba nìyẹn, wọ́n fẹ́ ẹni tí yóò bá wọn ja ogun wọn. Àwọn ará Tírè àti Sídónì tí wọ́n lọ bá Hẹ́rọ́dù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 12, ilẹ̀ rẹ̀ ni oúnjẹ wọn ti ń wá. Nígbà tí àwọn èèyàn ń kígbe pé ohùn ọlọ́run ni Hẹ́rọ́dù fi ń sọ̀rọ̀, ẹ rò ó wò, ta ló lè dákẹ́ nínú àwọn tí ọbẹ̀ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀? Èmi àti bàbá yẹn gbé ẹ̀rù náà lọ síwájú Ọlọ́run léraléra. Ó ṣì fẹ́ràn ọkùnrin náà o. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀.

Fífẹ́ràn olórí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kéèyàn dìbò fún un kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Dáníẹ́lì fẹ́ràn Nebukadinésárì. Nígbà tó gbọ́ àlá ọba nínú orí 4, ọkàn rẹ̀ dàrú, ó ní ì bá wu òun kó jẹ́ ti àwọn ọ̀tá ọba. Síbẹ̀, ní ẹsẹ 27, ó ní kí ọba já ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kúrò, kó sì ṣàánú fún àwọn òtòṣì. Ẹ bẹ ọkọ yín kí ẹ jọ máa fi ẹsẹ yẹn gbàdúrà fún olórí rẹ̀, kí ẹ sì fi gbàdúrà fún ẹni tí ẹ̀yin náà fẹ́ràn lọ́nà kan náà. Bí kò bá lè ṣe Àmín sí i, ẹ ní sùúrù, ẹ má fi bú u. Ẹ ṣọ́ ọkàn tiyín pẹ̀lú, nítorí ẹni tó kórìíra olórí kan lè fi orúkọ rẹ̀ jí, kó sì fi sùn, bíi ti ẹni tó ń bọ ọ́.

Ní ti ìjọ, ẹ má tìtorí pé àwọn àgbà fẹ́ràn òṣèlú kan sá lọ. Èmi dúró lẹ́yìn tí wọ́n gba ipò lọ́wọ́ mi. Nígbà tí wọ́n wá ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà fún àwọn tó wà ní àtìmọ́lé nínú ìjọ mọ́ ni mo kó ìdílé mi lọ sí ibòmíràn. Bí ọ̀rọ̀ ìjọ yín bá dé bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún ọkọ yín kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀, kó má jẹ́ ẹnu ẹlòmíràn ni yóò ti gbọ́.