Kí ló ń jẹ́ kí motorhome (ọkọ̀ tó tún jẹ́ ilé gbígbé) rìn geere, kó má máa fì?

Afẹ́fẹ́ táyà tó bá ìwúwo ọkọ̀ mu ni àkọ́kọ́. Ẹ kó ẹrù, omi àti epo sí i tán, kí ẹ wọn ìwúwo tó wà lórí táyà iwájú àti tẹ̀yìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì tẹ̀lé àtẹ iye afẹ́fẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe táyà náà. Iye afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ sára táyà wà fún ẹrù tó pọ̀ jù tó lè gbé. Tí ẹrù yín kò bá tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì fi afẹ́fẹ́ tó iye yẹn sí i, ọkọ̀ á máa ta pọ́ún lórí gbogbo kòtò. Afẹ́fẹ́ tó kéré jù ló léwu jù: táyà á gbóná, ó sì lè bẹ́. Bí ẹrù bá pọ̀ lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, iwájú á fúyẹ́, apá awakọ̀ kò ní ká a. Ṣọ́ọ̀kì (ohun tó ń dẹ́kun ìfòsókè-fòsódò ọkọ̀) tuntun lè dúró ná, àfi tí ti àtijọ́ bá ń jò.