Má fi fílítà kékeré yẹn wo oòrùn

Ìwọ tó béèrè bóyá o lè fi fílítà dúdú tí wọ́n kọ SUN sí, èyí tó bá tẹlisíkóòpù 70 mm rẹ wá nínú páálí, wo oòrùn, kí o sì tún fi tẹlisíkóòpù náà wá Àgùàlà (Venus): fi òòlù fọ́ fílítà yẹn. Má ta á, má sì fi ta ọmọ ẹlòmíì lọ́rẹ. Ojú mi ti rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo.

Lẹ́ǹsì iwájú tó fẹ̀ ní 70 mm ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ìlọ́po 1,200 èyí tó ń gba ọmọlójú wọlé lọ́sàn-án. Ibì kan ṣoṣo ló ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sí. Bó bá jẹ́ pé 700 mm ni lẹ́ǹsì náà fi jìnnà síbi tí ìmọ́lẹ̀ ń kó jọ sí, fi 110 pín in: oòrùn á di róbótó bíńtín tí kò ju 6.5 mm lọ, pẹ̀lú ooru wáàtì mẹ́ta ó lé. Ẹ̀bá ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń dè fílítà kékeré yẹn mọ́. Á máa gbóná díẹ̀díẹ̀, á dún kẹ́, á là, ojú rẹ ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹyinjú kì í mọ ìrora, nítorí náà kò ní ta ọ́ rárá. Ó lè di wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà kí o tó rí i pé àárín ohun tí o ń wò ti ṣú. Èyí tó bá jóná níbẹ̀, kò sí àgbo tàbí oògùn tí a ń kán sójú tó ń dá a padà.

Àwọn ọ̀gá tó ń jáde lórí rédíò nígbà tí òṣùpá bá fẹ́ bo oòrùn, "ẹ má wò ó" nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n sọ. Ta ló sọ ohun tí èèyàn máa lò? Ẹlòmíì á wá bu omi sínú bàsíà, á máa wo òjìji oòrùn nínú rẹ̀. Bí oòrùn bá wà lókè orí, nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ni omi ń dá padà. Fílítà gidi kì í jẹ́ kó ju nǹkan bí ìdá 1 nínú 100,000 lọ. Fíìmù X-ray àti gíláàsì tí wọ́n fi èéfín kùn, ẹgbẹ́ bàsíà ni wọ́n. Gíláàsì wẹ́dà nọ́ńbà 14 dára fún ojú lásán, kò dára fún tẹlisíkóòpù.

Fílítà tó tọ́ ń bo ẹnu iwájú pátápátá, kí ooru má tilẹ̀ wọlé. Gbé e síwájú tọ́ọ̀ṣì kí o tó lò ó. Bí o bá rí ihò bí ojú abẹ́rẹ́, jù ú nù. Fi sẹ́lótéèpù dè é kí atẹ́gùn má ṣí i. Awò kékeré ẹ̀gbẹ́ tẹlisíkóòpù tí a fi ń wá ohun tí a fẹ́ wò, dí ẹnu òun náà. Àìmọye ló ń gbàgbé rẹ̀.

Bí owó kò bá sí, lu ihò 1 mm sára páálí, gbé pépà funfun sí mítà méjì lẹ́yìn rẹ̀. Oòrùn á hàn lórí pépà ní nǹkan bí 18 mm. Ìmọ́lẹ̀ róbótóróbótó tó ń bọ́ sílẹ̀ láàárín ewé máńgòrò, oòrùn ni gbogbo wọn bẹ́ẹ̀.

Má sì gbé tẹlisíkóòpù, tàbí jígí tí a fi ń fá irùngbọ̀n tó ń sọ ojú di ńlá, síbi tí oòrùn ti ń wọlé lẹ́bàá kọ́tìnì. Iná ni.

Ní ti Àgùàlà: dúró kí oòrùn wọ̀ tán, nítorí kì í jìnnà sí oòrùn ju dígíríì 47 lọ lójú ọ̀run, àṣìṣe díẹ̀ lọ́sàn-án ti tó kí oòrùn wọ inú tẹlisíkóòpù. Ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù tí kì í ṣẹ́jú ni. Nínú tẹlisíkóòpù rẹ, nígbà mìíràn ó máa rí bí òṣùpá tí kò tíì kún.