Tíṣà tó ti lo ọdún 33: ṣé ọdún 35 ni màá fẹ̀yìn tì àbí ọdún 40, kí ló sì máa dé bá pẹ́ńṣàn mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Tíṣà ni mí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, mo ti lo ọdún 33 lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ti pé ẹni ọdún 57. Lórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa wọ́n ní gbogbo tíṣà Nàìjíríà ló ti di ọdún 40 kó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n HM wa ní kí n máa palẹ̀ mọ́, pé ọdún méjì péré ló kù fún mi. Èwo ni kí n gbà? Tí mo bá sì lo ọdún márùn-ún lé, ṣé pẹ́ńṣàn mi á pọ̀ sí i? Wọ́n tún ń yọ owó pẹ́ńṣàn lára owó oṣù mi, mi ò sì mọ ibi tó ń lọ.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ tíṣà o, mà. Ẹ má tíì gba ti ẹnì kankan nínú wọn, torí ó kù ohun tẹ́ẹ máa yẹ̀ wò kẹ́ẹ tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín já sí.

Òfin tí wọ́n ń gbé kiri lórí WhatsApp yẹn wà lóòótọ́. Ààrẹ Buhari ló kéde ẹ̀ lọ́jọ́ àwọn tíṣà, ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá 2020, ó wá buwọ́lù ú ní oṣù kẹrin 2022. Ohun tó sọ ni pé tíṣà á fẹ̀yìn tì tó bá pé ẹni ọdún 65 tàbí tó bá ti lo ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, àti pé ọdún 60 tàbí 35 tó de àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó kù ò de tíṣà mọ́. Ẹ fojú sí "èyí tó bá kọ́kọ́ dé" yẹn o, torí ẹni ọdún 64 lẹ máa jẹ́ nígbà tí ọdún 40 yín bá pé, ẹ ò ní dé 65.

Àmọ́ ìjọba àpapọ̀ kọ́ ló gbà yín síṣẹ́, òun kọ́ ló sì máa san owó ìfẹ̀yìntì yín. Nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, pẹ́ńṣàn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló wà lọ́wọ́ àwọn aṣòfin Àbújá, ti òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ fúnra ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé òfin 65 àti 40 yìí wọlé sọ́dọ̀ ara ẹ̀, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe é kí gómìnà sì buwọ́lù ú, àwọn kan ti ṣe é, àwọn kan ò tíì ṣe é. Kí gómìnà dìde níbi àpéjọ kó ní òun ti fọwọ́ sí i dáa, inú èmi náà ń dùn tí mo bá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìkéde ò tíì di òfin, ẹni tó máa ṣírò pẹ́ńṣàn yín ní ọ́fíìsì ò sì lè fi ìkéde ṣírò.

Nítorí náà ẹ lọ sí SUBEB, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yín, ẹ béèrè bóyá ìpínlẹ̀ yín ti ṣe òfin yìí, kí wọ́n fi sákúlà tó tẹ̀ lé e hàn yín. Tẹ́ẹ bá rí i, ẹ wo ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ẹ sì wo ẹni tí wọ́n pè ní tíṣà nínú ẹ̀, torí ẹni tó wà ní kíláàsì àti ẹni tí wọ́n ti gbé lọ sí ọ́fíìsì lè má jọ wà níbẹ̀.

Tí kò bá sí òfin, HM yín ló jàre, ọdún 35 lẹ máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ WhatsApp dúró kọjá ọjọ́ yẹn, nítorí wọ́n lè ka gbogbo owó oṣù tẹ́ẹ gbà lẹ́yìn ẹ̀ sí gbèsè kí wọ́n wá yọ ọ́ nínú gírátúítì yín, ìyẹn owó gbọọrọ tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ẹni tó fẹ̀yìn tì, ó máa ń dùn mí gan-an tírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ti fi gbogbo ayé ẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Tí òfin bá sì wà, ọdún 40 yẹn ni òpin ibi tẹ́ẹ lè dé, kì í ṣe dandan kẹ́ẹ lò ó tán, tó bá rẹ̀ yín ṣáájú ẹ lè kọ̀wé fún wọn ní oṣù mẹ́ta sílẹ̀ kẹ́ẹ sì máa lọ.

Ó wá kan owó. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ètò àtijọ́, èyí tí ìjọba nìkan ń san, ni ìpínlẹ̀ yín ṣì ń lò, tàbí wọ́n ti wọ ètò àdáwó, èyí tí òṣìṣẹ́ àti ìjọba jọ ń dá owó sí lóṣooṣù. Nínú ètò àtijọ́, ẹni tó lo ọdún 10 á gba gírátúítì pásẹ́ńtì 100 owó ọdún kan tó gbà kẹ́yìn, pẹ́ńṣàn ẹ̀ á sì jẹ́ pásẹ́ńtì 30. Láti ibẹ̀, ọdún kọ̀ọ̀kan ń fi pásẹ́ńtì 8 kún gírátúítì, ó ń fi 2 kún pẹ́ńṣàn, títí tó fi dé 300 àti 80 lọ́dún 35. Ká ní owó yín tó kẹ́yìn jẹ́ náírà 100,000 lóṣù, ìyẹn 1,200,000 lọ́dún. Tẹ́ẹ bá lọ lónìí pẹ̀lú ọdún 33, gírátúítì á jẹ́ 3,408,000, pẹ́ńṣàn á jẹ́ 76,000 lóṣù, tẹ́ẹ bá dúró dé 35 ó di 3,600,000 àti 80,000. Ọdún méjì tó kù yẹn lérè, ẹ má fi sílẹ̀ láìnídìí.

Lẹ́yìn 35 ńkọ́? Ibẹ̀ ni tábìlì yẹn parí sí, kò sí 308 kò sí 82, àfi tí òfin ìpínlẹ̀ yín bá dìídì sọ pé òun fi kún un. Ohun tẹ́ẹ máa jèrè nínú ọdún márùn-ún yẹn ni pé owó oṣù yín á máa wọlé ní kíkún dípò pásẹ́ńtì 80, àti pé tí ìgbéga tàbí owó oṣù tuntun bá dé, orí èyí tó ga ni wọ́n á ti ṣírò. Ohun tó máa ná yín ni pé gírátúítì á pẹ́ kó tó bọ́ sọ́wọ́, owó náírà sì ń yọ́, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló tún ń jẹ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lówó, orí ìlà yẹn lẹ̀yin náà máa tò sí.

Àmọ́ pé wọ́n ń yọ owó lára owó oṣù yín fi hàn mí pé ó ṣeé ṣe kẹ́ẹ wà nínú ètò àdáwó, ìyẹn sì yàtọ̀ pátápátá. Òfin pẹ́ńṣàn ti ìjọba àpapọ̀ ti 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ó kéré tán pásẹ́ńtì 8 kí agbanisíṣẹ́ dá 10, òfin ìpínlẹ̀ yín lè kọ iye tiẹ̀, gbogbo ẹ̀ á máa wọ àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ yín lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó pẹ́ńṣàn, àwọn PFA. Àwọn ọdún tẹ́ẹ ti lò kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ṣírò wọn sórí owó oṣù tẹ́ẹ ń gbà lásìkò yẹn, kì í ṣe ti ìsinsìnyí, ohun tó ń bí ọ̀pọ̀ tíṣà nínú nìyẹn, mi ò sì bá wọn wí. Lábẹ́ ètò yìí, dídúró ọdún márùn-ún sí i á fi kún owó yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń kó ohun tí wọ́n yọ lọ síbi tó yẹ nìkan ni.

Ẹ wá PIN yín, nọ́ńbà àkáǹtì pẹ́ńṣàn yín tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ PFA yín kẹ́ẹ ní kí wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín jáde láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ slip owó oṣù yín, oṣù sí oṣù, kẹ́ẹ sàmì sí èyí tí wọ́n yọ tí kò dé ibẹ̀. Òfin 2014 yẹn fún agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ méje péré lẹ́yìn tó sanwó oṣù láti fi owó náà ránṣẹ́, ó sì ní ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní pásẹ́ńtì 2 lóṣù lórí èyí tí kò bá tètè fi ránṣẹ́. Tí ihò bá pọ̀ nínú àkáǹtì yín, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó pẹ́ńṣàn ní ìpínlẹ̀ yín, kí NUT, ẹgbẹ́ àwọn tíṣà, ẹ̀ka yín ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín.

Lẹ́yìn ìyẹn, fáìlì yín. Lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín, lẹ́tà ìmúdúró, gbogbo ìgbéga, àti pàápàá lẹ́tà tí wọ́n fi gbé yín láti ìjọba ìbílẹ̀ kan lọ sí òmíràn, torí ibẹ̀ ni ọdún kan tàbí méjì ti máa ń sọnù nínú ìṣirò. Ọjọ́ ìbí yín gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà nínú gbogbo ẹ̀, tẹ́ẹ bá rí ibi tó ti yàtọ̀, ẹ lọ sọ fún àwọn tó ń tọ́jú fáìlì yín nísinsìnyí tẹ́ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Kẹ́ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ẹ wo orúkọ ẹni tẹ́ẹ kọ sílẹ̀ bí àrólé yín, bóyá ẹni náà ṣì wà láyé, bóyá òun náà lẹ ṣì fẹ́.