Ṣé kí n dúró de kámẹ́rà tí kò ní lẹ́ńsì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́tò òde ìgbéyàwó ni mò ń yà jẹun. Mo ti ń tu owó jọ láti ra lẹ́ńsì gígùn kan, àmọ́ wọ́n ní chip sílíkọ́nì kan ti wà tó ń ya àwòrán láìlo lẹ́ńsì. Ṣé kí n dáwọ́ dúró?

Ìdáhùn: Ẹ má dúró o, ẹ ra lẹ́ńsì yín. Òótọ́ lẹ gbọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ṣe chip yẹn fún kì í ṣe tiyín.

Lọ́dún 2017, onímọ̀ ẹ̀rọ Ali Hajimiri àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Caltech, l'Amẹ́ríkà, ṣe irú rẹ̀ kan. Ojú tíntìntín 64 tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, 8 níbùú, 8 lóròó. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wá máa ń kan ojú kan kó tó kan èkejì. Chip náà á dá ti ìṣáájú dúró díẹ̀ títí tí tìkẹyìn á fi bá a. Ìmọ́lẹ̀ tó wá láti ibi tí à ń wò á kóra jọ, tibòmíràn á pa ara rẹ̀ rẹ́. Tí wọ́n bá yí ìdádúró náà padà, ibòmíràn ló ń wò yẹn, láìsí ohun tó mì. Iṣẹ́ yẹn wú mi lórí gan-an ni.

Ṣùgbọ́n kí ni ojú 64 fẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà tó ní píksẹ́lì mílíọ̀nù 24? Èyí tó tún le jù ni pé sílíkọ́nì kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí gba inú rẹ̀ kọjá. Ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi 1,550 nánómítà (nánómítà kan jẹ́ ìdá bílíọ̀nù kan mítà) ni wọ́n sábà ń lò nínú rẹ̀, nígbà tí ojú èèyàn kì í ríran kọjá nǹkan bíi 700. Kò ní mọ àwọ̀ aṣọ òkè ìyàwó.

Òmíràn ni SPIDER, tí ilé iṣẹ́ Lockheed Martin àti yunifásítì UC Davis jọ ṣe, tí DARPA, àjọ ìwádìí àwọn ológun Amẹ́ríkà, náwó sí. Ìyẹn ní lẹ́ńsì, wẹ́wẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì pọ̀. Wọ́n ń pa ìmọ́lẹ̀ lẹ́ńsì méjì pọ̀ lórí chip: tí orí ìgbì bá pàdé orí ìgbì, ìmọ́lẹ̀ á le sí i, tó bá pàdé kòtò ìgbì, á ṣókùnkùn. Ìyàtọ̀ yẹn ni wọ́n ń wọ̀n. Àwọn méjì tó súnmọ́ra ń sọ bí ohun ńlá ṣe rí, àwọn tó jìnnà síra ń sọ ti ohun kékeré, kọ̀ǹpútà á wá ṣírò gbogbo rẹ̀ di àwòrán. Ọgbọ́n àwọn awòràwọ̀ ni: àwo 27 tó ń gba ìgbì rédíò láti ojú ọ̀run ní VLA, ní New Mexico l'Amẹ́ríkà, ń fún wọn ní méjì-méjì 351. Awò awọ̀nàjíjìn pẹlẹbẹ tó fúyẹ́ fún sátẹ́láìtì ni àwọn tó ṣe SPIDER ń lé.

Tí irú chip yìí bá máa dé ọ̀dọ̀ ará ìlú, ara ọkọ̀ ni mo rò pé á kọ́kọ́ gbà wọlé, láti fi ìmọ́lẹ̀ laser mọ bí ohun iwájú ṣe jìnnà tó. Iṣẹ́ yẹn kò nílò àwọ̀.