Elégédé ìkórè: ọjọ́ wo ni kí n fi akọ òdòdó kan abo?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀ ní Ìkòròdú ni mo wà. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà fi kóró elégédé ńlá ránṣẹ́ sí mi, Atlantic Giant ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀. Mo gbìn ín níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà torí mo fẹ́ gbé e lọ síbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, Sunday kẹta oṣù kọkànlá. Abo àkọ́kọ́ là, ó pọ́n, ó sì já bọ́. Èkejì ti fẹ́ là báyìí, kò jìnnà sídìí rárá. Ṣé kí n fọwọ́ ara mi fi akọ kàn án, àbí kí n fi í sílẹ̀ fún oyin? Ìyá Ìbejì ni mí.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ já èkejì yẹn náà dànù. Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín, àmọ́ èyí tó bá so nítòsí ìdí, tó bá ti ń tóbi báyìí, á máa ti ìtàkùn títí ìtàkùn á fi ya, ewé tó máa bọ́ ọ gan-an ò sì tíì pọ̀. Ẹ dúró de abo tó bá yọ níbi tí ìtàkùn ńlá ti gùn tó mítà mẹ́ta sí mẹ́rin.

Ẹ wá ka ọjọ́ sẹ́yìn láti ọjọ́ ìkórè. Elégédé ńlá ń fẹ́ bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí akọ bá ti kan abo, ìyẹn bọ́ sí ààrin oṣù kẹjọ, mo sì fẹ́ràn ìgbà yẹn gan-an lọ́dọ̀ wa torí òjò máa ń dá díẹ̀, ooru náà ò mú. Òjò tó bá wọnú òdòdó á ba ìyẹ̀fun akọ jẹ́, tí ooru bá sì ti kọjá 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ so máa ń já. Ẹ má tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà àbúrò yín o. Lọ́dọ̀ wọn, níbi tí Howard Dill, àgbẹ̀ Nova Scotia, ti mú irú elégédé yìí jáde, ìparí oṣù kẹfà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ni wọ́n ń ṣe é, torí oṣù kẹwàá ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n níbi ìdíje elégédé tó tóbi jù. Èyí tí wọ́n wọ̀n ní California lọ́dún 2023 tó kílò 1,247!

Oyin lè ṣe é, àmọ́ tí ìyẹ̀fun tó gbé wá ò bá tó, ọmọ á já tàbí kó wọ́. Ẹ fọwọ́ yín ṣe é. Abo lèyí tó ní ọmọ roboto bí àgbálùmọ̀ kékeré lábẹ́ ọrùn. Nírọ̀lẹ́, tẹ́ ẹ bá rí i pé ṣónṣó orí ẹ̀ ti ń pọ́n, àárọ̀ ọ̀la ló máa là nìyẹn, ẹ fi òwú so ẹnu ẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ so akọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin náà. Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa kẹ́ ẹ ti débẹ̀, ẹ bó ewé òdòdó akọ kúrò kó ku ọ̀pá àárín tí ìyẹ̀fun wà lára ẹ̀, kẹ́ ẹ rọra fi ra gbogbo ìka kéékèèké tó wà láàárín abo, èyí tó bá ní ìka márùn-ún ni mo máa ń fẹ́ jù. Ẹ tún un so padà. Tó bá ti di aago mẹ́wàá ó ti ń pẹ́ nìyẹn, ọjọ́ kan ṣoṣo ló ń là.

Ẹ sọ fáwọn ọmọ pé kí wọ́n má já orí ìtàkùn ńlá fi se gbọ̀ọ̀rọ̀ o, ti ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n já. Ẹ ṣe abo méjì tàbí mẹ́ta, èyí tó bá ń dán tó sì ń tóbi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ló ti mú, ẹ fi ẹyọ kan tó dáa jù sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi bíró kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣe é sára igi kan, kẹ́ ẹ rì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.