Bí A Ṣe Ń Tọpa Baba Ńlá Tí Wọ́n Kó Lọ sí Ọsirélíà Gẹ́gẹ́ Bí Ẹlẹ́wọ̀n

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Manchester ni mo ń gbé, ọmọ Melbourne ní Ọsirélíà sì ni ọkọ mi. Bàbá ọkọ mi máa ń sọ pé atukọ̀ ni baba ńlá àwọn tó kọ́kọ́ dé Tasmania, erékùṣù kan ní Ọsirélíà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin sọ fún wa kí wọ́n tó kú pé ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n kó o wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti pé àwọn àgbà ìdílé ló fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́. Ọmọ mi fẹ́ mọ òtítọ́. Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọkùnrin mẹ́ta ni mo rí tí orúkọ wọn bára mu. Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ tiwa, kí n sì mọ bó ṣe lo ayé rẹ̀ dé òpin?

ÌDÁHÙN: Mo kí yín, mo sì kí ọmọ yín tó ń wá orírun bàbá rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má tíì mú ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti 1788 títí di 1868 ni ìjọba Bìrìtéènì fi ń kó àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi lọ sí Ọsirélíà, iye wọn sì lé ní 160,000. Ó ju 70,000 lọ nínú wọn tí wọ́n kó lọ sí Tasmania, tí wọ́n ń pè ní Van Diemen's Land nígbà náà, kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró níbẹ̀ ní 1853. Láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn báyìí, kò yani lẹ́nu pé orúkọ kan náà wà lára ẹni púpọ̀. Ohun tó ń ya ẹlẹ́wọ̀n kan sọ́tọ̀ sí èkejì ni ọkọ̀ ojú omi tó gbé e dé, ọdún tó dé, àti ilé ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi pẹ̀lú ọjọ́ ìdájọ́. Bí ẹ bá ti mú mẹ́ta yìí dání, ìwé tó kù yóò máa tọ ara wọn lẹ́yìn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọkọ yín, kí ẹ máa lọ sẹ́yìn láti ìran dé ìran pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìbí, ti ìgbéyàwó àti ti ikú, títí ẹ ó fi kan ọkùnrin náà ní Tasmania. Ìparí 1838 ni ìjọba ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ àwọn tí wọ́n bí, tó ṣègbéyàwó àti tó kú sílẹ̀, Libraries Tasmania sì ti kó èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, lábẹ́ orúkọ Tasmanian Names Index. Inú àkójọ kan náà ni ẹ ó ti rí ìwé àṣẹ ìgbéyàwó, nítorí pé ẹlẹ́wọ̀n tí kò tíì lo ọdún rẹ̀ tán gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kó tó gbéyàwó. CON52 ni nọ́ńbà tí ilé àkójọ ìwé Tasmania fi ń pe ìwé wọ̀nyí. Akọ̀wé a máa kọ orúkọ ọkọ̀ tó gbé ọkùnrin náà dé ṣáájú tàbí lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, àti ti obìnrin náà bí òun náà bá jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n. Bí orúkọ ìyàwó bá ti bá èyí tó wà nínú ìwé ẹ̀rí ìdílé yín mu, ẹ ti rí ọkọ̀ náà nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá ìwé ìwà rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní conduct record. Nọ́ńbà CON31 ni ti àwọn ọkùnrin tó kọ́kọ́ dé, CON33 ni ti àwọn tó dé láàárín 1840 sí 1853, CON40 àti CON41 sì ni ti obìnrin. Tí mo bá ní kí ẹnìkan ka ìwé kan ṣoṣo péré nípa ẹlẹ́wọ̀n Tasmania, òun ni. Lókè ojú ewé ni orúkọ, ọkọ̀, ilé ẹjọ́ àti iye ọdún wà: ọdún méje, ọdún mẹ́rìnlá, tàbí títí láé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohun tí ọgbà ẹ̀wọ̀n nílé sọ nípa ìwà rẹ̀, àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jí, nígbà mìíràn pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín. Nísàlẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ lẹ́yìn tó dé wà, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìyà rẹ̀: ó mutí yó, ó fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀ láìgbàṣẹ, wọ́n nà án, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé náà há, wọ́n sì gé ọ̀rọ̀ kúrú púpọ̀, nítorí náà ẹ má kánjú. TL dúró fún ticket of leave, ìyẹn ìwé tó jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ kí ó sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀ kí ọdún rẹ̀ tó pé, bí kò bá ti kúrò ní agbègbè tí wọ́n fún un. CP dúró fún conditional pardon, ìyẹn ìdáríjì tó ní àdéhùn nínú: ó ti di òmìnira, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ padà sí Bìrìtéènì.

Ìwé àpèjúwe ara wà pẹ̀lú, CON18 àti CON23. Wọ́n kọ gíga, àwọ̀ irun, ojú, àpá àti àmì tí wọ́n fín sí i lára, pẹ̀lú iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ iṣẹ́ sí dáadáa, nítorí pé ẹlẹ́wọ̀n lè jẹ́ atukọ̀ kó tó jẹ̀bi, ohun tí bàbá ọkọ yín sọ àti ohun tí ẹ̀gbọ́n wọn sọ sì lè jẹ́ òtítọ́ méjèèjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí àwọn àgbà tó fi í pa mọ́. Nígbà tí wọ́n rí wúrà ní Victoria, agbègbè tí Melbourne wà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti lo ọdún wọn tán sọdá láti Tasmania, ìjọba Victoria sì ṣe òfin ní 1852 láti dènà àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n. Ẹni tó bá sọ ìtàn ara rẹ̀ lè pàdánù iṣẹ́ àti ilé.

Ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé HO 11 ní The National Archives, ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà ní Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, ni àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n kó lọ lọ́kọ̀ kọ̀ọ̀kan, State Library of Queensland sì ti ṣe àdàkọ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnìkan ṣẹ̀. Fún ìyẹn, ẹ wo HO 27, ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn, àti ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ìyàwó, òbí tàbí aládùúgbò kọ sí ìjọba, ní HO 17 àti HO 18. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ló ń jẹ́ kí a gbọ́ ohùn àwọn tó kù nílé, kò sì sí ìwé tí mo fẹ́ràn tó o.

Bí ó bá jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti dá a lẹ́bi, ọ̀rọ̀ yín rọrùn, torí pé ẹjọ́ Old Bailey, ilé ẹjọ́ ọ̀daràn ńlá Lọ́ńdọ̀nù, láti 1674 sí 1913 wà fún kíkà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ William Cuffay wà, aránṣọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Chatham, ọmọ ọkùnrin kan tó ti ṣe ẹrú ní St Kitts. Ó wà lára àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn òṣìṣẹ́, ní 1848 ni wọ́n sì dá a lẹ́bi pé ó gbìmọ̀ láti gbé ogun ti Ọbabìnrin, wọ́n sì ní kó lọ títí láé. Ó dé Hobart ní Tasmania ní 1849, ó padà sídìí iṣẹ́ aṣọ rírán, ìyàwó rẹ̀ wá bá a ní 1853, wọ́n darí jì í ní 1856, síbẹ̀ kò padà. Ibẹ̀ ló kú sí ní 1870. Àkọsílẹ̀ ni a fi so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun kan náà lẹ lè ṣe fún ẹni tiyín.

Níwọ̀n bí ìdílé ọkọ yín ti wà ní Melbourne, ìwé ẹ̀rí ikú láti Victoria ni kí ẹ kọ́kọ́ sanwó fún, bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló kú sí. Láti 1853 ni ìwé náà ti ń béèrè ibi tí wọ́n bí olóògbé sí, orúkọ àwọn òbí rẹ̀, àti iye ọdún tó ti lò ní Ọsirélíà. Ẹ yọ iye ọdún yẹn kúrò nínú ọdún tó kú, kí ẹ sì fi èyí tó kù wé ọdún tí ọkọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé. Ọmọ rẹ̀ ló sábà máa ń sọ ọ̀rọ̀ inú ìwé náà fún akọ̀wé, nítorí náà ìyàtọ̀ ọdún kan tàbí méjì kò túmọ̀ sí pé kì í ṣe òun. Ṣùgbọ́n bí ìlú tí wọ́n bí i sí bá takò ohun tó wà nínú ìwé àpèjúwe, ẹ fi ẹni yẹn sílẹ̀, kí ẹ lọ wo èyí tó tẹ̀lé e.